Ihò tó bọ́ sójú Bàbá

Ọmọkùnrin àgbà ilé náà kò bínú nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Àró lọ́jọ́ yẹn. Àìbínú rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí àyà mi já. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó jókòó sórí àpótí tí àwọn tó bá wá ya pásípọ́ọ̀tù máa ń jókòó sí, ó wá fa nǹkan kan yọ nínú àpò ṣòkòtò.

Ìdajì lébẹ́ẹ̀lì síídì ni. Ó ti ká jọ bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti kó eruku àti òwú wẹ́wẹ́. Mo rí etí ọ̀tún bàbá rẹ̀ lára bébà náà, mo rí apá kan fìlà, mo sì rí díẹ̀ nínú nọ́ńbà fóònù tèmi.

“Ọ̀gá, inú rédíò mọ́tò ni mo ti fà á yọ. Síídì fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò jáde, kò wọlé.”

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018 ni. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ mọ irú oòrùn tí oṣù yẹn máa ń ràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Ó ní òun gbé mọ́tò síta ní Alágbàká láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, síídì náà sì wà nínú rédíò, irú rédíò onígíláàsì tó ń gba DVD, tó jẹ́ pé ẹnu tóóró ni síídì ń gbà wọlé. Nígbà tó padà dé, tó tan mọ́tò, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tẹ ibi tí síídì ti ń jáde. Bébà ló kọ́kọ́ yọrí.

Iṣẹ́ ìsìnkú bàbá wọn ni mo ṣe ní Oǹdó ní oṣù Kìíní ọdún náà. Àìsùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì, ibojì, lẹ́yìn náà ìnáwó tó wọ ilẹ̀ ṣú. Síídì méjì ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fídíò, ọ̀kan fótò. Páálí 15 ni wọ́n ní kí n ṣe, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀, kí ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá mú tiwọn, kí ọ̀kan sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síídì 30 nìyẹn. Àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì, Mama ló kọ̀. Wọ́n ní fláàṣì kò lójú. “Lọ́jọ́ tí n kò bá sí mọ́, ta ni yóò mọ̀ pé bàbá yín ló wà nínú irin kékeré yìí?” Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń sọ tirẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo kọ “DVD” sínú ìwé iṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì nígbà náà rèé. Mo ní fáìlì kan nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi ya lébẹ́ẹ̀lì, tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, àwọ̀ góòlù ni lẹ́tà, lẹ́tà ní òjìji, òjìji náà ń tàn yanran. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi yí etí síídì po. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta. Àmì Facebook, àmì Instagram. Àwòrán kámẹ́rà ńlá kan tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà tí n kò ní. Ojú ẹni tó ni ìnáwó wá wà láàárín gbùngbùn. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, ojú yẹn àti orúkọ nìkan ni mo ń pààrọ̀. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà sítíkà tó ní róbótó méjì, ọmọ iṣẹ́ mi á bó o, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ síídì, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo tilẹ̀ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá èjìká ọmọ náà pé ó káre, iṣẹ́ wa ti rí bíi ti àwọn ará Èkó.

Nígbà tí oníbàárà mi lọ tán, mo mú ọ̀kan nínú irú síídì bẹ́ẹ̀ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e síwájú ojú, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá pákó tọ́. Bébà náà kò sí láàárín. Ó fi bíi mílímítà méjì sún mọ́ etí kan ju èkejì lọ. Afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ níbi méjì, ó wú bí ìléròrò. Etí rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ níbì kan, bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò nínú dúróò rí.

Ohun tí n kò fọkàn sí tẹ́lẹ̀ ni pé síídì kì í ṣe fírémù tí a gbé kọ́ ògiri. Ó ń yí ni. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 120, nínípọn rẹ̀ kò ju 1.2 lọ. DVD tilẹ̀ jẹ́ pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.6, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Lórí ẹ̀rọ tí à ń fi í wò ó ní pálọ̀, ó ń yí láti bí ìgbà 570 dé bí ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, bí iná tó ń kà á bá ṣe sún sítòsí àárín tàbí etí. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń kà á kíákíá, ó lè lé ní ìgbà 9,000. Bébà tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí nǹkan tó ń yí báyẹn dà bí ẹrù tí a gbé lé orí láìsí òṣùká. Ọrùn máa ń sọ. Oòrùn wá dé: gọ́ọ̀mù rọ̀, bébà fẹ́ ká, síídì kò fẹ́ ká, àwọn méjèèjì wá ń fa ara wọn nínú ẹnu tóóró tí kò gba bébà tó ṣí sókè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, NIST, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2003 lórí bí a ṣe ń tọ́jú CD àti DVD, wọ́n sì kìlọ̀ nínú rẹ̀ nípa lílẹ sítíkà mọ́ síídì tí a fẹ́ kó pẹ́. Wọ́n tún ní bí a bá ti lẹ̀ ẹ́, ká má gbìyànjú láti bó o. Bíbó yẹn gan-an ni ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀. Mo ní kó dá omi nù. Ti CD ló tilẹ̀ burú jù, torí lábẹ́ ojú òkè níbẹ̀ gan-an ni ohun tí a kọ wà, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó. Ẹni tó bá fa sítíkà lè fa orin àti fótò tẹ̀lé e. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká máa fi bírò kọ nǹkan sórí CD. Máákà tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ sàn, èyí tó jẹ́ olómi tí kò ní ọtí líle nínú.

Mo gbà pé èmi ni màá tún rédíò ṣe. Rẹ́wáyà kan ní Ìjọ́kà tú u, ó yọ síídì náà ní odindi ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti họ bí ẹ̀yìn ìkòkò. Owó yẹn dùn mí, kò sí ohun mìíràn láti sọ nípa rẹ̀.

Lálẹ́, mo pe Mama ní Oǹdó láti tọrọ àforíjì. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: oòrùn, gọ́ọ̀mù, bí mo ṣe máa tún gbogbo 30 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mọ́tò kì í ṣe ohun tó ń dùn mí, ọmọ mi. Irin ni mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá ń tún un ṣe, jọ̀wọ́, bá mi dí ihò yẹn.”

“Ihò wo, Mama?”

“Ihò tó wà lójú bàbá wọn.”

Mo na ọwọ́ mú síídì kan lórí tábìlì. Ihò àárín rẹ̀ bọ́ sí imú Bàbá gẹ́lẹ́. Ó gbé imú lọ, ó gbé apá kan ètè òkè lọ. Ojú méjèèjì ń wò mí láti òkè ihò náà. Láti oṣù Kìíní ni obìnrin yẹn ti ń gbé ojú ọkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń gba imú rẹ̀ yọ, kò sì sọ fún mi, torí ó rò pé bí àwọn onífótò ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kì í sábà rí ihò náà. Nínú fáìlì mi, róbótó funfun kan wà láàárín tó ń fi ibi tó máa wà hàn. Èmi fúnra mi ni mo ti pa á rẹ́ nígbà kan, torí ó ń dí mi lójú bí mo bá ń to lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ojú ìyàwó àti ojú ọmọ ọlọ́jọ́ìbí ni mo ti lu báyẹn láìmọ̀. Ti ìgbéyàwó, àárín tọkọtìyàwó ni ihò máa ń bọ́ sí, ó kàn máa ń jẹ èjìká, ìyẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pariwo. Ẹnì kan ṣoṣo nínú fótò ni àárín kò gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo fi rúlà wọn síídì. Ihò fúnra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, ṣùgbọ́n ibi tó mọ́ gaara tó yí i ká kì í gba yíǹkì. Lórí síídì funfun tí a ṣe fún títẹ̀, ibi tó ń gba yíǹkì bẹ̀rẹ̀ láti bí 23, ó parí sí 118. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, tí a pín in sí méjì, ilẹ̀ tí a ní láti ihò sí etí kò pé mílímítà 48. Nǹkan tí mo ń ya lójoojúmọ́ ló wá sí mi lọ́kàn: pásípọ́ọ̀tù, 35 sí 45. Mo gbé e síbẹ̀. Gíga rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n igun òkè méjèèjì ta jáde ní etí, torí etí síídì ń yí lọ, pásípọ́ọ̀tù kò yí. Mo dín in kù sí 28 sí 36. Ó jókòó sí òkè ihò, àyè wà lókè orí, àyè wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ojú Bàbá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó pé.

Ẹ̀rọ ló kàn. Pírìntà tí mo ní kò lè tẹ nǹkan sórí síídì. Ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì FUTA ní pírìntà Epson L805. Káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń fi í tẹ̀. Irú ẹ̀rọ yẹn ní àwo pẹlẹbẹ tí a ń gbé síídì lé, tí à ń tì wọlé láti iwájú. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì lò ó rí, inú lailọ́ọ̀nù ló ṣì wà.

Síídì tó ń gba yíǹkì nìkan ni ó lè tẹ̀. Èyí tó ń dán bíi dígí, yíǹkì á kàn máa sá kiri lójú rẹ̀ ni. Èyí tí mo rí rà ní Àkúrẹ́ funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ dúró jìnnà sí ihò, ní bíi mílímítà 46, fàdákà ló kù láàárín. Pásípọ́ọ̀tù mi kò lè gbé orí ìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà fún èyí tí funfun rẹ̀ wọnú dáadáa. Mo ní kí wọ́n ra 50, torí mo mọ ara mi.

Mo ba mẹ́sàn-án jẹ́.

Àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí síídì ní òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí, ní àwọ̀ aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, àlùkò tó pọ́n díẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ó wu ojú. Nígbà tó jáde lórí síídì, òrùka náà nípọn lápá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lápá kejì. Ìyàtọ̀ náà kò ju mílímítà kan lọ. Bí kò bá sí òrùka níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé títẹ̀ náà yẹ̀. Òrùka létí ni alámìí tó ń tú àṣírí ẹni. Mo yọ ọ́. Mo wá fi àwọ̀ àlùkò yẹn kun ìsàlẹ̀ síídì bí ilẹ̀, mo jẹ́ kó kọjá etí nínú fáìlì, kó máa lọ. Ibi tí síídì bá parí sí kó gé e síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́gbọ́n: mo gé páálí lásán ní róbótó bíi síídì, mo ń fi òun dán an wò, mo sì ń sún títẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ nínú ètò pírìntà títí ó fi bọ́ sáàárín, kí n tó gbé síídì gidi lé àwo.

Wọ́n tún mú iná lọ nígbà tí àwo wà nínú ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀rẹ́ mi kò ní epo. A dúró bí wákàtí méjì, síídì náà wà ní àbọ̀ nínú ẹ̀rọ bí ahọ́n tí ẹnì kan yọ síta. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ tì í jáde, àlùkò parí sí ìdajì. Mo kó o pamọ́. Mo ń fi í han àwọn ọmọ iṣẹ́.

Yíǹkì L805 kì í gbẹ bó ṣe rí lójú. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti gbẹ. Mo fi ìka tó láàgùn kan ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, orúkọ Bàbá fà lọ sápá ọ̀tún bíi tìróò ẹni tó ń sunkún. Ilẹ̀ dúdú tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ìbá tilẹ̀ burú jù: yíǹkì tó pọ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, gbogbo ìka ló sì máa ń hàn lórí rẹ̀. Funfun tí a fi sílẹ̀ kò náni ní yíǹkì kankan. Mo tò wọ́n sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò wọ́n nítorí eṣinṣin, mo sì jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú. Síídì kan wà tí ojú rẹ̀ ń dán tí omi kì í ràn, ó wọ́n. Mi ò rà á.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó láàárín àwa onífótò.

Irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) oníṣẹ́ ọnà tí mo ń lò fún orúkọ, èyí tó ń lọ́ bí okùn, kò gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá kọ “Àkúrẹ́”, À á jáde, k á jáde, ú á jáde. Tó bá dé ẹ́, ó lè gbé e láti inú lẹ́tà mìíràn wá, kó rí bí ẹni tó wọ aṣọ ẹbí pẹ̀lú bàtà ẹlòmíràn, tàbí kó kàn fi àpótí ṣófo síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ ní àyè tirẹ̀, é ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni a kọ́kọ́ ń fi lélẹ̀, ká tó gbé àmì gun orí rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹni tó ṣe é kò ronú kan irú ìgùn bẹ́ẹ̀, àmì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó gun orí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé màá yọ gbogbo àmì kúrò. Ìyẹn ni mo fi tẹ “OKO ATI AYA” sórí síídì ìgbéyàwó bí ogún. Bàbá ìyàwó kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ọmọ òun kò fẹ́ àgbẹ̀, kí n bá òun fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ó ṣojú rere pé oko ló kà á sí. Ohun mìíràn wà tí èèyàn lè kà á sí.

Orúkọ Bàbá ní ẹ́, ó ní ọ̀, ó ní ṣ. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ ya àmì sábẹ́ rẹ̀, róbótó kékeré kọ̀ọ̀kan, bí mo ti máa ń ṣe fún oníbàárà tó bá yọ mí lẹ́nu. Lórí sítíkà ńlá, ó máa ń ṣeé fojú fò. Nínú lẹ́tà kékeré tí àyè mi gbà báyìí, àwọn àmì náà dà bí ìdọ̀tí eṣinṣin. Nígbẹ̀yìn, mo jáwọ́ nínú lẹ́tà olọ́nà, mo wá fọ́ǹtì méjì, Gentium àti Charis SIL, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àwọn tó ṣe wọ́n sì fi àwọn èdè bíi tiwa sọ́kàn. Mo mú Gentium. Ó jọ lẹ́tà inú Bíbélì àtijọ́ díẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ ìsìnkú mu. Mo kọ orúkọ náà, mo sún mọ́ ọn lójú kọ̀ǹpútà títí ṣ fi tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Àmì abẹ́ rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà.

Nígbà tí mo ṣe tán, ohun tó kù lórí síídì kò pọ̀. Ojú Bàbá lókè. Lápá òsì ihò, “Síídì 1 nínú 2”; lápá ọ̀tún, “Fídíò”. Lórí èkejì mo kọ “Fótò”, mo sì fi ìlà kan sí i pé kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n fi ṣí i, torí fótò tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe yà wọ́n, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ DVD ló sì lè kà wọ́n. Ìlà kékeré yẹn nìkan ti dá ọ̀pọ̀ ìpè alẹ́ dúró. Nísàlẹ̀, lórí àlùkò, orúkọ Bàbá ní funfun, “Ìsìnkú, Oǹdó, Oṣù Kìíní 2018”. Lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, ìlà kan: orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi àti nọ́ńbà kan. Ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí mo máa ń gbé. Àmì Facebook lọ. Kámẹ́rà tí n kò ní náà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi onípírìntà kò gbà. “Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é? O fi ara ẹ pamọ́ bí ẹni jí i.” N kò rí èsì tó dáa fún un lọ́jọ́ náà. Mo kàn sọ pé kì í ṣe ìsìnkú tèmi.

Páálí rẹ̀ kò gba àkókò. Bébà tó ń wọ ara páálí DVD jẹ́ mílímítà 273 sí 183, ẹ̀yìn tó wà láàárín jẹ́ 14. Ara 14 yẹn ni mo kọ orúkọ Bàbá sí, kó bàa lè hàn bí wọ́n bá tò ó sórí sẹ́ẹ̀fù láàárín ìwé. Gbogbo agbára fótò ńlá, fìlà, àgbádá àti ọ̀pá àṣẹ, iwájú páálí ni mo lò ó sí. Kò sí ihò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Mama wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n gba páálí kan, wọ́n ṣí i. Wọn kò wo ojú ọkọ wọn kíákíá. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n ń gbé ìka lọ lábẹ́ rẹ̀ láìfi kàn án, ẹnu wọn ń mì. Wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ tíṣà, mo sì mọ̀ pé àmì ni wọ́n ń wá. Wọ́n dé òpin. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá gbé síídì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wò mí láti inú ihò rẹ̀ bí ọmọdé.

“Níbo lorúkọ tìrẹ wà?”

Mo fi hàn wọ́n nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn bá wọn mú awò ojú wá. Wọ́n kà á. “Ó dáa,” ni wọ́n wí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mo fẹ́ kó ti àtijọ́ lọ, pé màá dá wọn sí méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fi sínú mọ́tò. Àwọn ọmọ ti kó tiwọn jọ sílẹ̀ fún mi nínú àpò Ghana-must-go kékeré kan.

Ojú Mama yí padà. “Dá kí ni sí méjì?”

Mo dákẹ́.

Wọ́n fa àpò náà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n dojú bébà délẹ̀, kí wọ́n má bàa rí ihò yẹn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n béèrè èyí tó kù.

Mo sọ fún wọn pé òun ni rẹ́wáyà yọ nínú rédíò, pé síídì náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, pé ìdajì bébà tí ọmọ wọn fà yọ wà nínú dúróò mi, ìdajì kejì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

“Kó méjèèjì wá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì kó ìyókù padà sínú àpò, wọ́n so ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo fi àpòòwé gbé wọn lọ.